Iná UV tó ti rẹ̀: nọ́ńbà wo ló tọ́ sí i nínú FMEA?

Ẹ̀yin ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí i. FMEA (àtẹ tí a fi ń wo ohun tó lè bàjẹ́ nídìí iṣẹ́ àti bí ewu rẹ̀ ṣe tó) ti ilé iṣẹ́ pure water kan ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta nìyí, òṣùwọ̀n 1 sí 10, 10 ló burú jù.

Ọ̀rá tó ń jò gba 4 fún bó ṣe burú tó, 6 fún bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí, 3 fún bó ṣe ṣòro rí tó. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, 72. Iná UV, èyí tó ń pa kòkòrò àìsàn inú omi, tí agbára rẹ̀ bá wálẹ̀, gba 9, 2 àti 4, òun náà 72! Ṣé ẹgbẹ́ ni wọ́n ni? Ọ̀rá tó jò, owó ló bá a lọ. Kòkòrò àìsàn, inú èèyàn ló ń wọ̀.

4 tí wọ́n fún iná UV lórí bó ṣe ṣòro rí tó gan-an ni ìjà. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ń yọjú wo iná náà láràárọ̀. Àmọ́ lẹ́yìn bíi wákàtí 9,000, iná UV ṣì lè máa tàn búlúù bíi tàná, kó má sì pa kòkòrò mọ́ bó ṣe yẹ. Ìdọ̀tí ara gíláàsì tó bò ó náà ń dí i. Ojú lásán ò lè rí ìyẹn. 8 ló tọ́ sí i lójú tèmi, ìyẹn 144.

Tí a bá so sẹ́ńsọ̀ tó ń pa pọ́ǹpù nígbà tí agbára iná bá wálẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Àwọn kan ní 9 tó wà fún bó ṣe burú tó á di 5. N ò gbà, ewu inú omi ò yí padà. Àbí kí a kúkú lo Action Priority ti AIAG àti VDA 2019 (àtẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà àti Jámánì, tó ń sọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe láìsọ nọ́ńbà di púpọ̀)?