Àbọ̀ ọ̀rọ̀ irin ìkọ́ bákẹ́ẹ̀tì iwájú katakata mi tó tẹ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bí mo ṣe lè na irin ìkọ́ náà, ìyẹn férémù tí a fi ń so bákẹ́ẹ̀tì mọ́ iwájú katakata. Igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì ló tẹ̀ sẹ́yìn, tí píìnì rẹ̀ (ọ̀pá irin tó ń dè é mọ́ bákẹ́ẹ̀tì) kò fi wọ ihò ara bákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó ti ń wọ̀ ọ́ báyìí.

Jáàkì àti ṣéènì tí ẹ ní kí n lò ló nà án, ṣùgbọ́n iná ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tì í ní tútù, ó ń tọ́ lójú mi. Bí mo ṣe dẹ jáàkì, ó tún padà síbi tó wà. Ìgbà tí a fi iná gáàsì yan ojú ibi tó ká gan-an títí ó fi pọ́n ni irin náà tó gbà. A tì í kọjá ibi tó yẹ díẹ̀, torí ó máa ń fà sẹ́yìn, a sì fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i o, irin mìíràn á gan, á sì sán. Ẹ tú irin ìkọ́ náà kúrò lára katakata kí iná tó débẹ̀. Àwọn rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá lára katakata kò gba ooru rárá.

Òòlù kò ṣe ju kó tún etí rẹ̀ ṣe lọ. Okùn tí mo ta ní ìdábùú, láti igun òkè kọ̀ọ̀kan dé igun ìsàlẹ̀ òdìkejì rẹ̀, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti tọ́: ìwọ̀n méjèèjì bára mu.

Ọwọ́ píìnì òsì ṣì le díẹ̀. Mo fẹ́ jó irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn igun náà kí n tó fi gbé ẹrù wúwo.