Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́ l'Ékòó, kí ló ń mú wọn pẹ́ lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Aláṣọ, Yaba: Ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ mi tún ti lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ló gé lẹ́ẹ̀sì oníbàárà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá, ó kó o sórí ẹ̀rọ. Títí di Mọ́ńdè, n kò rí i. Mo pè é, ó ní òun ti ríṣẹ́ ní Lẹ́kí. Aṣọ ẹbí wà nílẹ̀, ìyàwó ń pè mí kíkankíkan. Ẹ̀yin tí òṣìṣẹ́ yín ń pẹ́, ọgbọ́n wo lẹ ń dá?

Délé Ìdúmọ̀tà: Owó. Ẹ fi kún owó wọn.

Bàbá Búrẹ́dì, Mushin: Délé, kì í ṣe owó nìkan. Èmi fi kún un títí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, gbogbo ohun tí mo bá fi kún un, ọwọ́ onídánfó ló ń bọ́ sí. Ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun fún mi, Ìkòròdú ló ń gbé. Òru ló ń jí, á wọkọ̀ dé Kẹtu, á tún wọ òmíràn. Tó bá dé, oorun ti kún ojú rẹ̀, ó ń gbàgbé iyọ̀. Ẹ ti jẹ búrẹ́dì tí kò níyọ̀ rí? Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà fún mi. Mo wá gba yàrá kan sẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Àwọn mẹ́ta ń sùn níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ń lọ sílé ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó tíì lọ nínú wọn. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mò ń gbọ́ ni pé ẹnì kan ń hanrun.

Ṣadé: Yàrá ni àbí bárékè? 😂

Bàbá Búrẹ́dì: Fáànù wà níbẹ̀ o.

Ìyá Aláṣọ: Ẹ̀gbọ́n, yàrá ní Yaba? Ẹ ò ì tíì gbọ́ iye tí ajẹ́ńtì ń gbà.

Akọ̀wé Sùúrùlérè: Kí ọmọ yẹn máa wọ ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó ń ti Àgbàdo lọ Ọ̀yìngbò ń dúró ní Mushin.

Ṣadé: Ìkòròdú ni wọ́n wí o, ọ̀gá. Ọkọ̀ yẹn ò gba ibẹ̀.

Akọ̀wé Sùúrùlérè: Kó kó lọ Agége nígbà náà.

Ṣadé: Ẹ bá a san owó ilé.

Kẹ́míìsì Tẹ́lẹ̀: Òṣìṣẹ́ ni èmi, ẹ má bínú. Mo bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Oṣù tuntun á ti dé ìdajì kí wọ́n tó san ti èyí tó kọjá. Tó o bá béèrè, wọ́n á ní ẹbí kan náà ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ẹ dúró lórí Third Mainland, ẹbí á gé owó ẹ. Mo ríṣẹ́ síbòmíràn, mo lọ. Owó mi tó kù, mi ò rí i dòní.

Alhaji: Ìwọ náà ò fún wọn ní nótíìsì! Ọmọ ìwòyí kì í dágbére.

Kẹ́míìsì Tẹ́lẹ̀: Alhaji, mo lò ju oṣù mẹ́ta lọ, mi ò tíì pé ọdún méjì. Nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan ni òfin iṣẹ́ sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún wọn, nínú ìwé.

Alhaji: Wọ́n jẹ ọ́ lówó nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi, onígbọ̀wọ́ méjì ni mò ń gbà, mo sì ń lọ wo ilé wọn. Ọmọ kan kọ àdírẹ́sì onígbọ̀wọ́ fún mi, ìgbà tí a débẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì la bá. Pásítọ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Délé Ìdúmọ̀tà: Ọlọ́run ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀ 😂😂

Akọ̀wé Sùúrùlérè: Ẹ san ₦70,000 lóṣù, owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 wí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n á lọ.

Ìyá Aláṣọ: Òfin yẹn ò mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25. Àwa mélòó la wà ní ṣọ́ọ̀bù?

Kẹ́míìsì Tẹ́lẹ̀: Ìyá onígaàrí ò ní béèrè bóyá ẹ tó 25 kó tó wọn kóńgò fún wọn o.

Mọ́ráyọ̀ Onírun, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Ìyá Aláṣọ, èmi ò san owó oṣù mọ́. Bí ọmọ bá dirun ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni tiẹ̀. Èmi ni mò ń ra ìpara, tí mò ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni owó ń wọ fóònù wọn. Èyí tó ń dé ní aago mọ́kànlá tẹ́lẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn báyìí.

Ìyá Aláṣọ: Oṣù tí kò sí òde ńkọ́?

Mọ́ráyọ̀ Onírun: Mo máa ń yá wọn. Wọ́n á san án ní Disẹ́ńbà.

Alhaji: O ti di báǹkì.

Ọlọ́jà Balógun: Ẹ̀yin ń sunkún Lẹ́kí. Ẹni tó ń bá mi ṣírò owó jókòó sílé ní Ẹ̀gbẹ́dá, òyìnbó ló ń bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, dọ́là ni wọ́n ń san. Kí ni kí n fi bá ìyẹn du?

Délé Ìdúmọ̀tà: Ẹ bá mi béèrè bóyá wọ́n ṣì ń gbèèyàn.

Ṣadé: Bàbá Búrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àyè ṣì wà? Àbúrò mi ń wáṣẹ́. Kì í hanrun.

Bàbá Búrẹ́dì: Kó mú onígbọ̀wọ́ wá ní Tọ́sìdeè. Kó má kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì o.