Ọjọ́ méjì ní Pópó Àgùdà

Ìyá ìyá mi kì í sọ pé “ẹ káàárọ̀”. “Bọ́ńdíà” ni tiwọn. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi omi àgbọn sí i, ìyẹn frejon, a ó sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Ìbàdàn la wà, àwọn ará àdúgbò ò mọ irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀. Kí màmá àgbà tó kú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa: “Bíríkìlà ni bàbá bàbá mi. João ni wọ́n ń pè wọ́n. Bàhíà ní Brazil ni wọ́n ti wá.”

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọkọ mi, Bàbá Dàpọ̀, wọ rélùwéè ní Móníyà, a sọ̀ ní Ẹbúté-Mẹ́tà. Alẹ́ méjì péré la ní. Òun fẹ́ wo Èkó, èmi ń wá bàbá ńlá mi.

Pópó Àgùdà la kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé, ni Àgùdà. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Kátólíìkì, òun la fi ń pe ìjọ náà ní ìjọ Àgùdà títí dòní. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a sì mọ̀ wọ́n mọ́ jù. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà ni João Baptista da Costa tó kọ́ ọ. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí oòrùn fi mú mi lórí, mò ń wo ọnà ara ògiri rẹ̀, mò ń rò ó pé àbí ọwọ́ bàbá wa kan èyí.

Ọkọ mi ní kí a lọ wo Ilọ́jọ Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Tinúbú, fọ́tò rẹ̀ ló ti rí. Wọ́n kọ́ ilé yẹn ní 1855, ìjọba kà á sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n sì wó o ní 2016. Ó dùn mí wọra. Ibi ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀ náà, wọ́n ti tú u láti àwọn ọdún 1970. Kódà egungun Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ṣe ni wọ́n kó o kúrò níbẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Marina. Kò sí ilé, kò sí sàréè. Ìwé ìrìbọmi ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé ìjọ kan, màmá àgbàlagbà, gbé ìwé ńlá mẹ́ta síwájú wa, ewé rẹ̀ ti pọ́n bí awọ ìlù. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi itọ́ ṣí i o. A wá João fún wákàtí méjì, a ò rí i. Omijé ti ń bọ̀ lójú mi nígbà tí ọkọ mi ní, “Ìyá Dàpọ̀, Látìn mà ni wọ́n fi kọ gbogbo eléyìí. Joannes ni ká máa wá.” Ó ti ṣe ọmọ pẹpẹ rí.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú. Níbi orúkọ bàbá ọmọ, Joannes, orúkọ ìdílé wa níwájú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n rìbọmi fún ní 1893: bàbá màmá àgbà! Níbi orúkọ ìyá ọmọ, wọ́n kọ “Abeque”. Mo tẹjú mọ́ ọn, kò yé mi. Akọ̀wé ló kà á sókè: “Àbẹ̀kẹ́ ni, ọmọ mi. Bí etí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ni.”

Wọn ò gbà ká ya fọ́tò. Ọkọ mi fi báírò kọ ọ́ létà létà sẹ́yìn ìwé kan tó wà lápò rẹ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì màmá yín?”

“Àbẹ̀kẹ́ ni. Bàbá wọn ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Kí ló dé?”

N ò lè fọhùn. Ọkọ mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi.

A ò ráyè dé Water House, ilé Àgùdà àtijọ́ mìíràn ní Kakawa, mọ́, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Ọjọ́ Ẹtì Rere la ó padà lọ, torí màmá akọ̀wé ní àpótí kan ṣì wà tí ìwé ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀.