Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé ìpínyà sẹ́ẹ̀lì fún àwọn ọmọ kíláàsì mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

SS2 ni mò ń kọ́ ní báọ́lọ́jì. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, fọ́nrán purotéènì tí à ń pè ní actin àti myosin máa ń kóra jọ bí òrùka sábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, láàárín gbùngbùn. Myosin á máa fa actin, òrùka á sì máa há, bí ìgbà tí a bá fa okùn ìdí ṣòkòtò. Èyí yé wọn yékéyéké, inú mi sì dùn.

Ìparí rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Òrùka yẹn nìkan kò lè já sẹ́ẹ̀lì méjì tó ń pínyà sọ́tọ̀. Afárá tín-ín-rín kan ṣì máa ń so sẹ́ẹ̀lì méjèèjì pọ̀, microtubule (ọ̀pá purotéènì tín-ín-rín oníhò) kún inú rẹ̀, kókó kan sì wà láàárín rẹ̀ tí Walther Flemming, ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe láti 1891. Ó di ìgbà tí purotéènì kan tó ń jẹ́ spastin bá gé microtubule, tí àwọn purotéènì ESCRT-III sì fún awọ ibẹ̀ pa, kí wọ́n tó pínyà. Kí ni mo lè fi ṣe àpẹẹrẹ èyí lójú wọn?

Ọmọ kan tún bi mí ìdí tí a kò fi rí òrùka nínú gbòǹgbò àlùbọ́sà. Ìbéèrè gidi ni! Mo ní ewéko kì í fún ara rẹ̀ láàárín; microtubule ló ń darí àwọn àpò kéékèèké lọ mọ ògiri tuntun. Ṣé kí n kọ́kọ́ fi àlùbọ́sà tí wọ́n lè fojú rí kọ́ wọn ni, àbí kí n parí ti ẹranko ná?