Kí ni ìwé ẹ̀rí ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ń bójú tó, a sì ń wá ẹni tí yóò dúró ti ẹ̀rọ. Àwọn tó kọ̀wé wá pọ̀ débi pé ọ̀gá wa ní kí n yọ gbogbo ẹni tí kò ní dìgírì yunifásítì kúrò, títí kan àwọn tó ní HND. Ṣé lóòótọ́ ni ìwé ẹ̀rí ń fi hàn pé èèyàn yóò ṣiṣẹ́ dáadáa?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ̀gbọ́n, Michael Spence kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1973, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2001. Agbanisíṣẹ́ kò lè rí làákàyè àti ìforítì tó wà nínú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, nítorí náà àmì tó hàn sójú ló ń wò. Ìwé ẹ̀rí lè jẹ́ irú àmì bẹ́ẹ̀ kódà bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá fi nǹkan kan kún òye akẹ́kọ̀ọ́, bí ó bá ṣáà ti nira fún ẹni tí kò já fáfá láti gbà á ju bó ṣe nira fún ẹni tó já fáfá lọ.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Lọ́dọ̀ wa, owó ilé ìwé àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ wà lára ohun tó ń mú kí dìgírì nira láti gbà, wọn kò sì kan làákàyè rárá. Ọmọ tó gba pólì lọ nítorí pé apá òbí rẹ̀ kò ká yunifásítì, ohun tí ìwé rẹ̀ ń sọ fún yín ni bí àpò bàbá rẹ̀ ṣe rí. Bí àwọn tó ní dìgírì sì ti ń pọ̀ sí i, àwọn agbanisíṣẹ́ ń gbé òṣùwọ̀n sókè, wọ́n ń béèrè ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò yí padà.

Ìdáhùn kẹta
Ní báńkì, ó lè pẹ́ kí a tó mọ ẹni tó mọṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé wọ́n lè gbára lé ìwé ẹ̀rí díẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ṣeé fojú rí. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí àti ọ̀gá tó ṣe fírídọ́ọ̀mù fún wọn, ìyẹn yóò dín wọn kù. Kí ẹ wá gbé pòósítà aláwọ̀ mẹ́rin fún àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iye bébà tí yóò bàjẹ́ kí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bọ́ sórí ara wọn gẹ́lẹ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n ka bébà tó bá ṣòfò mọ́ owó ìgbanisíṣẹ́.