Kánópì lábẹ́ wáyà: kí lẹ máa ń bá pàdé?

Ọmọ Mólípà: Ojúde Ọba kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ kánópì ti ń na irin káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹun nídìí iná, kí lẹ máa ń bá pàdé lóde àríyá? Kí ló ń dẹ́rù bà yín jù?

Oníwáyà Ṣàgámù: Òpó irin yẹn gan-an ni. Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ tó gbé e dìde. Bó bá jẹ́ wáyà mẹ́ta ló tò lórí òpó iná, hai tẹ́ńṣọ̀n ni, iná alágbára ńlá, 11kV tàbí 33kV (fóòtì 11,000 tàbí 33,000). Mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ ni èyí tó ń wọlé, fóòtì 230 láàárín fíísì kan (wáyà tó ń gbé iná wá) àti níútrà (wáyà tó ń dá iná padà), 400 láàárín fíísì méjì. Ìhòòhò ni púpọ̀ nínú wọn, bó tilẹ̀ dúdú lójú yín. Ẹ jẹ́ kó tó ẹsẹ̀ bàtà 10 láàárín irin àti hai tẹ́ńṣọ̀n, kẹ́ ẹ sì wọn òpó náà bó ṣe máa dúró ṣánṣán, kì í ṣe bó ṣe dùbúlẹ̀. Iná yẹn kì í dúró dìgbà tírin bá kàn án. Tó bá ti sún mọ́ ọn, ó lè fò mọ́ ọn.

Ìyá Gàárì: Àwọn ọmọ yẹn kì í gbójú sókè, owó ni wọ́n ń wò.

Aṣá Obì, Ìsarà: Ẹ fi ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń já obì kún un. Ọparun tútù ń gbé iná dáadáa.

Bọ̀dá Ṣéńjóvà: Ẹ fi kánópì sílẹ̀ jàre. Ẹni tó fi wáyà onímú méjì ki jẹ́n bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, òun ló ń pa òṣìṣẹ́ iná. Iná 230 yẹn á jáde sígboro, á gba ẹ̀yìn wọ tiransifọ́mà, tiransifọ́mà á sọ ọ́ di 11,000. Ẹni tó wà lórí òpó ní Ìkẹ́nnẹ́ rò pé wọ́n ti mú iná lọ ni.

Ọmọ Mólípà: Ṣé téèyàn bá ti pa bírékà ńlá kó tó tan jẹ́n, kò tíì tó, ẹ̀gbọ́n?

Bọ̀dá Ṣéńjóvà: Kò tó, àbúrò. Tí ọmọdé bá lọ tan án padà ńkọ́? Ẹ lo ṣéńjóvà, swíìṣì tó ń yí iná ilé láti NEPA sí jẹ́n. Kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó wà ní NEPA, tàbí jẹ́n, tàbí àárín tí kò sí iná rárá. Èyí tó jẹ́ 63A (ámpíà 63) máa ń tó ilé yàrá mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí níútrà náà gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe láìfù (fíísì) nìkan. Kẹ́ ẹ sì fún àwọn ìdè inú rẹ̀ le: èyí tó bá tú díẹ̀ á máa gbóná, pásítíkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dúdú, á máa rùn bí ẹja tó ń jóná kẹ́ ẹ tó rí èéfín kankan.

Ará Ìpẹru: Wáyà tó já sílẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ má sọ pé ó ti kú torí pé kò ṣáná mọ́. Wọ́n lè tan án padà láti ibùdó láìmọ̀ pé ó já. Iná ń tàn ká ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjì tó jìnnà síra ló ń gbà wọ ara. Ẹ so ẹsẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà tó mítà 10. Bó bá já lé mọ́tò, ẹ jókòó sínú rẹ̀. Àfi bí mọ́tò bá ń jó: ẹ fò sílẹ̀ tẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọwọ́ má kan mọ́tò bí ẹsẹ̀ bá ti kan ilẹ̀.

Ìyá Gàárì: Bí iná bá gbé èèyàn, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kẹ́ ẹ fún un lépo pupa mu.

Oníwáyà Ṣàgámù: Rárá o, Ìyá! Iná kì í jókòó sínú ara. Bí ẹni náà bá ti kúrò lára wáyà, iná ti lọ. Ọkàn tó dúró ló kù tó ń pani. Epo á kàn wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Bí kò bá ṣe é pa, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kẹ́ ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Iná inú ilé nìkan nìyẹn o, ẹ má dán an wò fún hai tẹ́ńṣọ̀n. Bí kò bá mí, ẹ rán ẹnì kan lọ wá mọ́tò ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ní 30, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tún máa tẹ̀.

Ìyá Gàárì: Iyẹ̀pẹ̀ làwọn bàbá wa ń lò.

Ará Ìpẹru: Ìyá, NEPA wo ló wà nígbà àwọn bàbá yín? 😂

Ìyá Gàárì: Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbàgúdá n'Íjẹ̀bú-Igbó ń gbọn èèyàn lọ́wọ́ ńkọ́?

Oníwáyà Ṣàgámù: Iná ti ń jò sára irin rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pa á, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Omi gbàgúdá ń wọ inú mọ́tọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ sì lásán. Ẹ ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì (irin tó ń gbé iná tó jò lọ sínú ilẹ̀) ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 mọ́ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù, kẹ́ ẹ fi wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò so ó mọ́ irin ẹ̀rọ náà níbi tẹ́ ẹ ti ha ọ̀dà kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi RCD sí i, ìyẹn swíìṣì tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò. 30mA ni kẹ́ ẹ bèèrè, ẹ má gba 300. Nítorí kílé má jóná ni wọ́n ṣe 300, kò lè gba èèyàn là.

Ìyá Gàárì: Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, 30. Ṣùgbọ́n ti epo yẹn, mi ò tíì gbà.