Bí a ṣe ń mọ sọ́sééjì gidi lọ́wọ́ alápatà àdúgbò nílùú Ọba

Láti Carlisle:
Ẹ̀yin ará, ẹ má fi àwọ̀ yan sọ́sééjì. Èyí tó bá ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ́jọ́ kẹrin, sulphite, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹran tètè bà jẹ́, ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ béèrè kó tó rà á. Èyí tí kò ní in máa ń ṣú díẹ̀, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló sì ń lò nínú fíríìjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye ẹran. Òfin gbà kí wọ́n pe ohun tí ìdá 42 péré nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní “pork sausage”. Lójú tèmi, èyí tí kò bá tó 70 kò yẹ lówó yín. “Traditional Cumberland Sausage”, tí òfin ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ láti 2011, kò gbọdọ̀ dín ní 80, Cumbria níbí nìkan ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Gígùn ni, wọ́n á ká a bí okùn, ata dúdú á sì ta lẹ́nu.

Ẹ má sá fún rusk o. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n yan láìfi ìwúkàrà sí, tí wọ́n wá rún, ni. Òun ló ń fa omi àti ọ̀rá mọ́ra kí wọ́n má baà ṣàn sínú páànù. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń mú kí sọ́sééjì rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀. Ẹran èjìká tí wọ́n fi ti ikùn kún ló dára jù, kí ọ̀rá tó ìdá 20 sí 25. Bó bá dín, á gbẹ, á máa rún.

Láti Lincoln:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Ní ti sọ́sééjì tiwa, ewé sage tó ń ta sánsán ló gbọ́dọ̀ borí, wọn kì í sì í lọ ẹran náà kúnná.

Tí ẹ bá ń dín in, ẹ má fi fọ́ọ̀kì gún un, omi rẹ̀ á ṣòfò. Iná kékeré, òróró díẹ̀, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa yí i. Iná ńlá á mú kí ìfun tí wọ́n rọ ẹran náà sí súnkì, á bẹ́, inú á sì wà ní tútù. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé 75°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 30.

Láti Peckham:
Ẹ̀yin Mùsùlùmí, sọ́sééjì ẹran màlúù lè wà nínú ìfun ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ béèrè tààrà: ìfun ẹran wo nìyí? Ṣé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà ló lọ eléyìí? Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ gba ilé alápatà halal lọ.